Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Kọkànlélógójì

Gbogbo ayé ló ń gbàdúrà kí àwọn dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ gbó. Ẹ ò lè rí i. Ẹ̀mí gígùn là ń tọrọ, a kì í tọrọ ẹ̀yìn ríro àti orúnkún tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí tilẹ̀ bẹ̀rù gbígbó ju bí àwọn mìíràn ṣe ń bẹ̀rù ikú lọ, ó sì ní ìdí.

Ìyá rẹ̀ ni ìdí náà. Ìyá yẹn gbó kó tó dàgbà. Kí ó tó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ, ìka rẹ̀ ti wú, kò sì ṣeé ká mọ́. Bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá jọ jáde, àwọn tí kò mọ̀ wọ́n a máa kí ọkọ pé, “Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o.” Ọkọ a rẹ́rìn-ín, ìyàwó náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá délé, ìyàwó a wọ yàrá lọ, a sì ti ilẹ̀kùn. Ó kú lọ́mọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Dókítà kan ní ọkàn ló pa á, èkejì ní kíndìnrín ni, ẹ̀kẹta ní ara ló kàn rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ tó fi sílẹ̀ ni obìnrin wa yìí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọdún méjì péré ló sì kù kí ó bá ìyá rẹ̀ dọ́gba. Ó mọ iye oṣù tó wà nínú ọdún méjì náà, ó sì ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò bí wọ́n ṣe ń parí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń kà á.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé bó bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́, onítọ̀hún á ṣì máa dúró de ìrora nígbà tí òwú ti wà lójú ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fa ẹ̀jẹ̀, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, nínú yàrá àyẹ̀wò Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí ara àwọn kan fi ń gbó kíákíá, tí tàwọn mìíràn sì ń fara balẹ̀?

Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n rí ni pé iná kan wà nínú ara. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe ooru tí èèyàn lè fi ọwọ́ kàn. Bí a bá fi ẹsẹ̀ kọ, tí ojú ibẹ̀ wú, tó pọ́n, tó gbóná, ara ló ń jà fún wa nìyẹn; bó bá jà tán, á sinmi. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ìjà náà kì í sinmi mọ́ nínú ara àwọn kan. Á máa jó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, láìsí egbò, láìsí ọ̀tá, á máa jẹ iṣan àti egungun ẹni tó yẹ kó gbèjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ti darúgbó, tí wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọn kò sì kú, àwọn ló ń kóná mọ́ra wọn àti mọ́ àwọn aládùúgbò wọn. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ní òun mọ irú wọn: “Bí ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láti wá bá wa jà.” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní àwo pẹlẹbẹ kan tó ní ihò kéékèèké mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ bíríbírí títí omi rẹ̀ á fi dúró lókè, tí pupa rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀, wọ́n á kán omi náà sínú ihò, ẹnì kan, ihò kan. Wọ́n á da oògùn sí i, wọ́n á sì dúró. Bí iná inú ara onítọ̀hún bá kéré, ihò rẹ̀ á mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Bó bá pọ̀, á rí bíi pupa ẹyin.

Òfin méjì ló le jù níbẹ̀. Wọn kì í kọ orúkọ sára ìgò ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà ni, òṣìṣẹ́ kankan kò sì gbọdọ̀ yọjú wo èsì ara rẹ̀ tàbí ti ẹbí rẹ̀. Òfin kejì ni pé wọn kì í lẹ nọ́ńbà mọ́ ìgò òfìfo. Kí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú ìgò, kí a tó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, lójú ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lófin yìí. Bó bá bá ẹnì kan tó ti lẹ nọ́ńbà sílẹ̀ de aláìsàn, ariwo rẹ̀ á dé ẹnu ọ̀nà: “Ìgò tó ti ní nọ́ńbà kó tó ní ẹ̀jẹ̀, ọ̀dẹ̀ ni! Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbà!”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn méjì tí wọ́n ń retí kò wá, wọ́n sì ti po oògùn tí kò ní dúró di ọ̀tunla. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ bá òun wá àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan, tí wọ́n bá fẹ́. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ní òun á ṣe àgbà. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé kó wá ṣe ọ̀dọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ẹni ọdún méjìlélógún, tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà. Ọkọ̀ ló pa bàbá rẹ̀ nígbà tí ó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn méjèèjì péré ló sì kù fún ara wọn láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀-ò-tán ni ìyá ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kódà bó bá ń fọ eyín. Ó wọlé tààrà, bébà àwòrán lábẹ́ apá, ó ń kí gbogbo èèyàn, ó sì ń ṣàròyé pé ọ̀gá òun fún òun ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré.

Ìyá mọ̀ pé ọmọ ń kánjú, ó ti tọ́jú ohun gbogbo sílẹ̀. Ó ti lẹ ọ̀kànlélógójì mọ́ ìgò tirẹ̀, ó ti lẹ èjìlélógójì mọ́ ti ọmọ, ó tò wọ́n síwájú, ti ìyá níbẹ̀rẹ̀, ti ọmọ tẹ̀lé e. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bó ti fẹ́ jókòó ni ọmọ ti já lu àga.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣe tèmi. Ọ̀gá mi máa pa mí!”

“Ìwọ ọmọ yìí! Ó dáa, na apá ẹ.”

Ó mú ìgò, ó gún un, ọmọ kò tilẹ̀ dákẹ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, wá fa ti ìyá. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣe àwo náà. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ló da oògùn tó gbẹ̀yìn sí i, tí àwọn ihò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ yín, ta ni yóò dúró síwájú irú àwo bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ní wá ihò tirẹ̀ lọ? Ojú rẹ̀ lọ. Ihò ọ̀kànlélógójì ti pọ́n rúsúrúsú, ó pọ́n ju ti àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún tó wà lórí àwo kan náà. Ẹ̀rọ kà á, iye tí ẹ̀rọ mú wá sì tún burú ju ohun tí ojú rí lọ.

Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó bẹ̀ ẹ́ wò. “Yéè! Ẹ bá mi kí ẹni ọ̀kànlélógójì yìí o. Bàbá àgbà yìí ti fẹ́ jó tán.”

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe irú èyí tó ń múni kígbe. Èyí tó ń mú ẹsẹ̀ tutù ni. Ó dúró ti àwo náà, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Ó ti dé. Ó ti dé nìyẹn.” Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń retí rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kankan, kò ro bóyá àṣìṣe wà níbì kan. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ta ni yóò ní kó dúró wò ó dáadáa? Ó kàn yí ojú sí ihò èjìlélógójì. Ó mọ́ kedere. “Ọlọ́run, o ṣeun,” ó ní. “Bó bá tiẹ̀ mú èmi, kò mú ọmọ mi.” Ìtùnú kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, ó sì dì í mú gírígírí.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi mọ́. Ní òwúrọ̀, kó tó wẹ̀, á dúró síwájú dígí, á fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè, á máa wo bó ṣe ń pẹ́ kó tó tẹ́jú padà. Á ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún tó wọ ilé wọn, tó ti ń gùn láti ọdún mẹ́sàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èémí ara rẹ̀ lórí wọn. Bí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ̀, á máa yí i. Oorun di nǹkan tí àwọn ẹlòmíràn ń sùn. Ó fi ibi tí ìwé ilé wà han ọmọ rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí irin hàn án, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ omi.

“Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ rìnrìn àjò ni?”

“Kí ló dé? Ṣé èèyàn ò lè kọ́ ọmọ ẹ̀ ní nǹkan mọ́?”

Ọ̀rọ̀-ò-tán kò jẹ́ kó rí ara gba. Ó bi í láàárọ̀, ó bi í nírọ̀lẹ́, títí ní ọjọ́ kẹrin tí ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìka ìyá rẹ̀ tó wú dé orí ihò tó pọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

“Ẹ máa pa ara yín kí nǹkan kan tó pa yín ni. Nọ́ńbà kan péré? Ẹ lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.”

“Kò yẹ kí n ti wò ó. Wọ́n lè lé mi kúrò níbi iṣẹ́.”

“Kí wọ́n lé yín. Ṣé iṣẹ́ ni mo fẹ́ ni àbí ìyá? Bí ẹ ò bá lọ, èmi fúnra mi máa lọ, ẹ sì mọ̀ pé n kì í tètè sọ̀rọ̀ tán.”

Ìyá rẹ́rìn-ín nínú omijé. Ọmọ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, ó fi òróró pa á, ó ń wọ́ ọ títí oorun fi gbé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe nírọ̀lẹ́ gbogbo lẹ́yìn ìyẹn.

Ìyá lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó jẹ́wọ́. Bàbá náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

“Ta ló ní kó o wo nọ́ńbà ara ẹ?”

“Ojú mi ni, sà. Ó ti wò ó kí n tó bá a wí.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí. Ó ti fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n ó rí ojú tó ti jìn wọnú, ó rí ọrùn aṣọ iṣẹ́ tó ti di gbàgẹ̀rẹ̀. “Jókòó,” ó ní. “Nọ́ńbà kan kì í ṣe ìdájọ́. Ehín tó ń rà lè gbé e sókè. Ọ̀fìnkìn lè gbé e sókè. Àìsùn lè gbé e sókè. Ṣùgbọ́n…” Ó dúró síbẹ̀. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ mọ ohun tó wà lẹ́yìn “ṣùgbọ́n” yẹn, nítorí òun ló ń kó ìwé èsì sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́dọọdún. Àwọn tí tiwọn bá ga tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì wálẹ̀, wọn kì í pọ̀ mọ́ bó bá di ọdún kẹta.

Wọ́n fẹnu kò. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ tuntun lára rẹ̀. Wọ́n á kán an sínú àwo kan náà pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́kù nínú ìgò ọ̀kànlélógójì, ihò wọn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á sì mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló purọ́.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n fa ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe é. Nọ́ọ̀sì ló fa ẹ̀jẹ̀, ó sì lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lójú gbogbo wọn. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé òun fúnra òun ni yóò kán an, ó sì kán an. Wọ́n da oògùn sí i. Wọ́n dúró. Kò lè wò ó. Ó kọjú sí ògiri, ó ń ka àwọn èékánná rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan lè ti sọ nù.

“Yíjú,” Ọ̀jọ̀gbọ́n ní.

Ihò tuntun mọ́ bí omi. Ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin, bó ṣe pọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́.

“Ẹ̀rọ ò purọ́,” Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. “Ohun tó wà lára ẹ lọ́jọ́ yẹn ti lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀fìnkìn tó ń bọ̀ lọ́nà. Ara ẹ le ju tèmi lọ. Máa lọ, lọ jẹun.”

Obìnrin náà kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Ó gbá Nọ́ọ̀sì mọ́ra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Ọ̀jọ̀gbọ́n náà mọ́ra, kí bàbá náà tó rántí pé òun ní ìpàdé níbì kan. Ebi wá ń pa á lẹ́ẹ̀kan náà, ebi ọjọ́ mẹ́wàá.

Nọ́ọ̀sì ń kó ìgò padà sínú agbọ̀n, ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. “Mo sọ fún ẹ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n ìwọ di ojú pátápátá! Àti ọmọ ẹ náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì ẹ́ ṣubú nítorí àga. Ká ní ó mọ̀ pé ìyá òun máa fi ọjọ́ mẹ́wàá gbààwẹ̀, ì bá ti jẹ́ kó o kọ́kọ́ jókòó.”

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ti yí padà. Ọmọ ló kọ́kọ́ jókòó. Ìgò tó wà níbẹ̀rẹ̀ ni ó mú. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ bó ṣe nà án, tó mú èyí tó sún mọ́ ọn jù, ìgò tó ti ní nọ́ńbà kó tó ní ẹ̀jẹ̀.

Ó ní òun á bá Nọ́ọ̀sì parí iṣẹ́ náà, kó máa lọ jẹun. Nígbà tí yàrá dá, ó ṣí fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú pupa ìsàlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ sí, ó gbé ìgò ọ̀kànlélógójì àti ti èjìlélógójì jáde. Irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni O. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́. Ti ọmọ ni A, bíi ti bàbá rẹ̀. Oògùn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ A kì í lè fara dà, á dì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ O ní nǹkan kan. Ó kán ẹ̀jẹ̀ ìgò ọ̀kànlélógójì sórí táìlì funfun, ó kán oògùn sí i, ó fi igi rò ó. Ó tẹ́jú. Ó ṣì tẹ́jú, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Lẹ́yìn náà ni ó dì, ó ń já wẹ́wẹ́ bíi wàrà tó bàjẹ́, títí gbogbo ojú rẹ̀ fi di kókó kókó pupa. Ó ṣe ti èjìlélógójì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn tẹ́jú, kò sì yí padà.

Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n jọ, ehín, ọ̀fìnkìn, àìsùn, ó ń gbé wọn lé ọmọ náà lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ehín rẹ̀ kò rà. Ọ̀fìnkìn kò mú un. Ó ń sùn bí òkúta. Ẹ̀rù ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, eré ni ó jẹ́ sí èyí tó wá ń bà á. Nítorí ara tirẹ̀ ló ṣe bẹ̀rù nígbà náà, ara tó ti lò fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ọdún méjìlélógún péré ni ọmọ yìí.

Fóònù dún nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Mọ́mì, mi ò lè dúró mọ́! Ṣé èsì ti jáde?”

“Ó ti jáde.”

“Kí ni wọ́n wí? Mọ́mì, ẹ sọ̀rọ̀ o, àyà mi ń já!”

Ó wo táìlì tó wà níwájú rẹ̀. “Tèmi dáa,” ó ní. “Wọ́n ní kò sí nǹkan kan lára mi.”

Igbe tí ọmọ náà ké mú kó gbé fóònù jìnnà sétí. Ó gbọ́ àga tó ṣubú. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ fún gbogbo ọ́fíìsì pé, “Kò sí nǹkan tó ṣe mọ́mì mi! Kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n!” Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀. Ó ń jó ni.

“Mọ́mì? Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń sunkún?”

“Rárá.”

“Ẹ máa sun ún, ẹkún ayọ̀ ni!”

“Ọmọ mi, dúró síbi tó o wà. Má lọ síbì kankan. Mò ń bọ̀ wá bá ẹ.”

“Ẹ máa bọ̀, ẹ tètè máa bọ̀!” ọmọ náà ní, ó ń mí gúlegúle, ó sì tún padà sẹ́nu ijó rẹ̀.